Kókó Abẹ́ Etí Bàbá Kuni

Ẹni tó bá ń jó wáyà fàdákà pọ̀ kò gbọdọ̀ dá èémí dúró. Àtùpà á wà níwájú rẹ̀, iṣẹ́ á wà lórí èédú, ọ̀pá idẹ kékeré oníhò á wà lẹ́nu rẹ̀. Bó bá ṣe ń fẹ́ atẹ́gùn gba inú ọ̀pá náà, iná àtùpà á tẹ̀ síwájú, á tẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ́rẹ́, á sì lọ síbi tí wọ́n bá rán an. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni àpò atẹ́gùn. Nígbà tí imú bá ń fa èémí sínú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló ń ti èyí tó ti gbà tẹ́lẹ̀ jáde, kí iná má bàa mì. Wáyà wa tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun. Bí iná bá fi ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo pẹ́ jù lórí rẹ̀, ohun tí mo fi ọjọ́ méjì ká á yọ́, á ṣù pọ̀ bí ojú ẹja sísè.

Èmi ni mo ń fa wáyà, èmi ni mo ń ká a sí ewé àti òdòdó. Ọkọ mi, Bàbá Kuni, ló ń jó o pọ̀. Ní gbogbo òpópónà wa ní ìlú Kataka, kò sẹ́ni tí iná rẹ̀ ń dúró jẹ́ẹ́ bíi tirẹ̀.

Èmi náà ni mo kọ́kọ́ rí kókó yẹn. Mo ń fi òróró pa á lórí, ọwọ́ mi kan nǹkan lábẹ́ etí rẹ̀ ọ̀tún. Ó le, ó sì ń yẹ̀ lábẹ́ ìka bíi hóró ẹ̀wà.

"Ṣé ó ń dùn yín?"

"Kò dùn mí. Orí ni mo ní kí o pa, mi ò ní kí o máa wá ìṣúra."

Ní ilé ìwòsàn ńlá, wọ́n fi abẹ́rẹ́ fa díẹ̀ níbẹ̀, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní kì í ṣe jẹjẹrẹ. Pranakrushna, alágbẹ̀dẹ fàdákà tó kọjú sí wa, ra oúnjẹ aládùn rasagola ìkòkò kan wá lọ́jọ́ náà.

"Ẹ̀gbọ́n, ikú dé ọ̀dọ̀ yín, òórùn tábà ẹnu yín ló lé e padà!"

A rẹ́rìn-ín, a jẹ rasagola tán. A rò pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Ṣùgbọ́n Dókítà Pattnaik, oníṣẹ́ abẹ ilé ìwòsàn náà, ní a gbọ́dọ̀ yọ kókó náà, torí kì í dúró lójú kan. Obìnrin ni, ó sì máa ń yàwòrán bó bá ń sọ̀rọ̀. Ó ya orí èèyàn sórí bébà. Iwájú etí ni ẹran kan wà tó ń ṣe itọ́, inú ẹran yẹn ni kókó wa wà. Iṣan tó ń darí ojú ló gba àárín ẹran náà kọjá, ó wá pẹ̀ka bí igi: ẹ̀ka kan lọ sí ìpéǹpéjú, òmíràn sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, òmíràn sí ètè. Mo fẹ́ràn àwòrán yẹn débi pé mo tọrọ rẹ̀. Ó ní òun á tú iṣan náà sílẹ̀ lẹ́ka-lẹ́ka, òun á wá gé kókó náà pẹ̀lú ẹran tó yí i ká.

"Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ńkọ́?"

"Ó lè rọ fún oṣù díẹ̀. Ti ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń padà bọ̀ sípò."

"Ti ọ̀pọ̀ èèyàn," ni Bàbá Kuni wí, ó sì dìde.

Nílé, ó mú òrùka kan tí hóró fàdákà wà lórí rẹ̀. "Ìyá Kuni, bí mo bá fẹ́ yọ hóró yìí, ṣé mo máa gé òrùka ni? Màá rán iná sí i, màá fi ẹ̀mú gbé e. Òrùka á wà bó ṣe wà."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí. Bí a ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Èmi ni mo wá dókítà kejì rí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní ilé ìwòsàn kékeré, tó gbà láti yọ kókó nìkan láìfọwọ́ kan ohun mìíràn. Kò pé wákàtí kan. Ó fi kókó náà hàn mí nínú ìgò. Ó funfun, ó ń dán, ó sì ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo bi í léèrè ohun tó ya á. Ó ní kò ṣe nǹkan kan. Nígbà tó máa di ọjọ́ kẹwàá, Bàbá Kuni ti ń fẹ́ná.

Ọdún mẹ́jọ kọjá. Kuni, ọmọ wa, lọ sílé ọkọ. Ọwọ́ mi tún kan kókó lábẹ́ etí Bàbá Kuni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹyọ kan mọ́. Méje ni mo kà lábẹ́ awọ.

A padà sọ́dọ̀ Dókítà Pattnaik. Kò bá wa jà. Ì bá sàn kó bá wa jà.

"Kókó yìí ní awọ," ó ní, "ṣùgbọ́n awọ rẹ̀ kò pé. Ó máa ń na ìka sínú ẹran tó yí i ká. Bí wọ́n bá kàn fà á yọ, ìka á kù síbẹ̀. Bó bá sì ya, ohun inú rẹ̀ á ta sílẹ̀ bí irúgbìn. Àárín àwọn ẹ̀ka iṣan ni irúgbìn tiyín hù sí."

"Ẹ lè yọ wọ́n?"

"Mo lè gbìyànjú. Mi ò lè ṣèlérí iṣan náà fún yín mọ́."

"Kì í ṣáà ṣe jẹjẹrẹ?"

"Kì í ṣe é."

"Kó máa bá mi gbé nígbà náà."

Mo rò pé bí mo bá lè rí nǹkan tó máa fẹ́ná dípò ẹnu rẹ̀, á gbà. Mo so ẹwìrì ẹlẹ́sẹ̀ mọ́ ọ̀pá rẹ̀ pẹ̀lú rọ́bà. Atẹ́gùn ẹwìrì máa ń jáde ní ìdákúdàá, torí náà mo fi rọ́bà inú bọ́ọ̀lù sáàárín, kó gba atẹ́gùn pamọ́ bí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo fi ìdè tó ń yí fún rọ́bà náà lọ́rùn, kí á lè dín in kù. Iná dúró! Inú mi dùn títí. Bàbá Kuni jókòó sídìí rẹ̀. Ewé àkọ́kọ́ yọ́, ìkejì yọ́. Ní ìkarùn-ún, ó gbé ọ̀pá sílẹ̀.

"Iṣẹ́ rẹ dára, Ìyá Kuni. Ṣùgbọ́n ètè mi ló máa ń mọ̀ pé wáyà ti jó pọ̀ kí ojú mi tó rí i."

Pranakrushna yọjú. "Ìyá Kuni, ẹ kúkú gbé bọ́ọ̀lù yẹn síta ká gbá a!"

Bàbá Kuni kò lọ fún iṣẹ́ abẹ. Ọdún méjì tún kọjá. Lásìkò òjò, wọ́n gbé iṣẹ́ ọgọ́fà ewé fún wa, èyí tí wọ́n máa tò sẹ́yìn ère òrìṣà Ìyá Durga lọ́jọ́ ọdún rẹ̀. A ti ṣe ju ìdajì lọ nígbà tí iná bẹ̀rẹ̀ sí í mì.

"Ti fèrèsé yẹn," ó ní.

Mo tì í. Iná ṣì ń mì. Mo gbé ẹ̀yìn ọwọ́ mi sún mọ́ ẹnu rẹ̀. Atẹ́gùn ń jáde ní igun ètè ọ̀tún. Ó rí mi, ó sì pa àtùpà.

Lọ́tẹ̀ yìí, Dókítà Pattnaik kò yàwòrán. Ó ní kókó tí kì í ṣe jẹjẹrẹ kì í pa iṣan, ńṣe ló máa ń tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n fa abẹ́rẹ́, wọ́n ya fọ́tò àyà. Ọ̀kan nínú àwọn kókó náà ti yí padà di jẹjẹrẹ, ó sì ti dé ẹ̀dọ̀fóró. Ó ní kò sí iṣẹ́ abẹ tó máa wò ó sàn mọ́.

"Ká ní mo gbà fún yín lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ńkọ́?" Bàbá Kuni bi í.

Dókítà kó fọ́tò náà jọ. "Ó ṣeé ṣe kí ara yín ti yá tipẹ́, kẹ́ ẹ ti gbàgbé orúkọ mi."

Mo wo ilẹ̀. Èmi ni mo wá dókítà kejì rí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá Kuni jókòó ti àtùpà. Ewé mọ́kànlélógójì ló kù. Ó fi ọ̀pá sẹ́nu, atẹ́gùn sì tú dànù. Mo wá jókòó sọ́tùn-ún rẹ̀, mo fi ìka méjì pa igun ètè rẹ̀ dé. Iná dúró, kò dúró bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó dúró.

Pranakrushna pariwo láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀. "Ẹ wá wo àwọn àgbàlagbà tó ń fọwọ́ panu ara wọn lówùúrọ̀!"

A ń bá iṣẹ́ lọ. Itọ́ ń ṣàn sí mi lọ́wọ́. A jó ewé mẹ́rin kí ó tó di ọ̀sán. Ìkarùn-ún yọ́. Ó fi ẹ̀mú gbé e, ó wò ó, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ká òmíràn," ó ní.

Mo nu ọwọ́ mi, mo fa wáyà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ká a.