Ọkọ̀ Bọ̀gìnnì Bàbá Adájọ́

Mátanrajẹ kọ́ ni orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Àwọn ọlọ́kọ̀ bọ̀gìnnì ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó gbé ọkọ̀ olówó ńlá wọ ọgbà mẹkáníìkì rẹ̀ tí kò ní gbọ́ “Ẹ má tan ara yín jẹ” kó tó jáde. Ẹ ń da omi ẹ̀rọ sínú rédíétọ̀, ẹ wá ní ọkọ̀ ń gbóná? Ẹ má tan ara yín jẹ, omi ẹ̀rọ á mú kí irin dógùn-ún; omi aláwọ̀ ewé tí wọ́n ṣe fún un ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ fẹ́ fi táyà tó fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ sí i, kó lè dúró bí ọba? Ẹ má tan ara yín jẹ, ọkọ̀ tó bá wọ bàtà tí kì í ṣe tirẹ̀, orúnkún ló máa fi jìyà ẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tiẹ̀ wá, ó ní kí wọ́n bá òun rẹ ọkọ̀ òun sílẹ̀ kí ìdí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbálẹ̀. Mátanrajẹ wò ó títí. “Kí ìdí ọkọ̀ máa gbálẹ̀? Ṣé abẹ́rẹ́ ẹ ló sọ nù ni?”

Òfin kan wà tí kì í yẹ̀ lọ́gbà rẹ̀. Ohunkóhun tó bá tú kúrò lára ọkọ̀, ó gbọ́dọ̀ gbé e lé ọlọ́kọ̀ lọ́wọ́ kó tó fi tuntun sí i. Ì báà kún fún gíríìsì, ì báà jẹ́ aṣọ funfun báláú ni ọlọ́kọ̀ wọ̀. “Òkú tí ẹbí ò rí, a kì í sin ín,” bó ṣe máa ń wí nìyẹn.

Ẹni tó fẹ́ràn òfin yìí jù ni Bàbá Adájọ́. Bàbá ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ilé ẹjọ́, àmọ́ iṣẹ́ náà ò fẹ̀yìn tì lára Bàbá. Bí wọ́n bá gbé irin lé e lọ́wọ́, á yí i síwá, á yí i sẹ́yìn, á gbóòórùn rẹ̀, á wá ní, “Ó jẹ̀bi. Ẹ jù ú síta.” Ọkọ̀ rẹ̀ gùn, ó ń dán bíi kóró iṣin, ó sì ti dàgbà ju ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àdúgbò lọ, síbẹ̀, bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́, ńṣe ló máa ń mí bí ọmọ tó yó tó sùn.

Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, ìyàwó Bàbá ló dá wá, ẹsẹ̀ ló sì fi rìn. Màmá sanra dáadáa, ẹ̀rín rẹ̀ a sì máa ṣáájú rẹ̀ wọlé. Ó wo àga rọ́bà tí Mátanrajẹ gbé fún un, ó mi orí.

“Gbé èyí lọ, ọmọ mi. Àga tó rí ìdí mi kẹ́yìn, títí di ìsinsìnyí, wọ́n ṣì ń tò ó.” Ó jókòó sórí táyà ńlá kan, ó rì sínú ihò rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. “Ó ti gbé mi mì! Bí mo bá fẹ́ máa lọ, jáàkì lo máa fi gbé mi.”

Mátanrajẹ náà rẹ́rìn-ín. “Màmá, ẹ kú ìrìn o. Bàbá wa ńkọ́?”

Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti kú mọ́ Màmá lẹ́nu.

“Ojú ti lọ,” ló wí. “Bàbá ẹ ò ríran mọ́. Ṣíbí tó wà níwájú ẹ̀ gan-an, ńṣe ló ń táràrà wá a. Dókítà ní kó má fọwọ́ kan sitíárìn mọ́, Bàbá ẹ ní ọmọ àná ni dókítà. Àwọn ọmọ wa sọ̀rọ̀, ó ní wọ́n fẹ́ jogún òun láàyè. Èmi náà sọ̀rọ̀, ó ní èmi tí mo máa ń hanrun kí ọkọ̀ tó jáde ní géètì, ìgbà wo ni mo mọ ọ̀nà? Òótọ́ ni, mo máa ń hanrun. Àmọ́ lánàá, mi ò sùn. Níwájú ilé ìwé ni. Àwọn ọmọdé ń sọdá. Ariwo tí mo pa ló jẹ́ kó tẹ bíréèkì. Mo tọ̀ sára, mi ò ní purọ́ fún ẹ, lórí ìjókòó aláwọ rèǹtè-rente yẹn. Ọmọdébìnrin kan fọwọ́ ti bọ́nẹ́ẹ̀tì, bó ṣe sún mọ́ ọn tó nìyẹn. Bàbá ẹ wá ní, ‘Kí ló dé tó ò ń pariwo? Ṣó o rí ejò ni?’”

Mátanrajẹ gbé sípánà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. “Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe, Màmá?”

“Ó ń gbé e bọ̀ lọ́la kó o lè pààrọ̀ ọ́ìlì. Sọ fún un pé nǹkan ti bàjẹ́ nínú ẹ̀, nǹkan téèyàn ò lè rí rà mọ́. Jẹ́ kí ọkọ̀ náà jókòó síbí.”

“Irọ́ nìyẹn, Màmá.”

“Mo mọ̀ ọ́n. Èmi àtirọ́ jọ ṣọmọge ni.”

“Ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ òótọ́ fún Bàbá.”

“Òótọ́ tí dókítà sọ dà? Òótọ́ tí ọmọ bíbí inú ẹ̀ sọ ńkọ́? Bí ìwọ náà bá sọ ọ́, á gbé ọkọ̀ lọ bá mẹkáníìkì míì, a ò wá ní lẹ́nì kankan mọ́. Ìwọ nìkan ló kù tó gbà gbọ́.” Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú tòun ti gíríìsì. “Má jẹ̀ẹ́ kó pa ọmọ ọlọ́mọ, ọkọ mi. Má jẹ̀ẹ́ kó pa ara ẹ̀.”

Ọmọdébìnrin yẹn ló ń wá sójú Mátanrajẹ, ọwọ́ kékeré lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó gbà. Òun fúnra rẹ̀ ló fa Màmá yọ nínú táyà, kò sì sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín nínú àwọn méjèèjì.

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá dé. Bó ṣe ń wọlé ló fi ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ha àgbá tó wà lẹ́nu ọ̀nà, gbìràmù. “Ta ló gbé àgbá síbí yìí?” ni Bàbá bèèrè. Àgbá ọ̀hún ti wà níbẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti dá ọgbà náà sílẹ̀.

Bàbá jókòó sórí bẹ́ńṣì, ó kọ ojú sí oòrùn. Mátanrajẹ nà sábẹ́ ọkọ̀ bí ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Kò sí nǹkan kan tó ń ṣe ọkọ̀ náà. Ó sùn síbẹ̀, ó ń wo irin tó mọ́ tónítóní, ọkàn rẹ̀ ń dọ̀tí. Nígbà tó jáde, ó nu ọwọ́ tí kò dọ̀tí.

“Bàbá, pọ́ǹpù omi ti kú. Irú ẹ̀ ò sì sí lọ́jà mọ́. Kò jọ pé ọkọ̀ yìí tún lè rìn.”

Bàbá na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

Orí Mátanrajẹ fò lọ. Òfin tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe! Ó yí gba ẹ̀yìn ọgbà, níbi tí wọ́n ń kó àlòkù irin jọ sí, ó he pọ́ǹpù kan níbẹ̀, ó fi òòlù gbá abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ kan dànù, ó gbé e wá, ó sì gbé e lé Bàbá lọ́wọ́. Láti ọjọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́, kò gbé irin tó wúwo tó bẹ́ẹ̀ rí.

Bàbá yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó ti èékánná bọ ẹnu rẹ̀, ó ha á. Èérún pupa ń já bọ́ sórí ṣòkòtò rẹ̀.

“Mátanrajẹ, omi wo ni mò ń lò sínú ọkọ̀ mi?”

“Aláwọ̀ ewé ni, Bàbá.”

“Ta ló kọ́ mi?”

“Èmi ni, sà.”

“Ṣé mo da omi ẹ̀rọ sí i rí?”

“Rárá, sà.”

“Èyí ti mu omi ẹ̀rọ títí ikùn ẹ̀ fi bó,” ni Bàbá wí. Ohùn rẹ̀ ò le rárá, ìyẹn gan-an ló sì burú. “Ọkọ̀ ẹlòmíì lo ti yọ ọ́. Kí ló dé?”

Mátanrajẹ dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ ọlọ́ìlì. “Ẹ má bínú, Bàbá. Ojú yín ni. Ẹ ò ríran mọ́, ẹ̀rù sì ń bà wá.”

“Ká ní ohun tó o kọ́kọ́ sọ nìyẹn.” Bàbá gbé pọ́ǹpù náà sílẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni gbé ẹyin. “Ìwọ ni mò ń dúró dè. Mo ní bí Mátanrajẹ bá rí ara ọkọ̀ yìí, tó rí gbogbo ibi tí mo ti fi ha ògiri, tó bá ní ‘Bàbá, ó tó,’ á jẹ́ pé ó tó. Irọ́ lo wá gbé lé mi lọ́wọ́. Èwo wá ni kí n gbà nínú ọ̀rọ̀ ẹ báyìí? Ti pọ́ǹpù ni, àbí ti ojú?”

Ó dìde, ó táràrà títí ọwọ́ rẹ̀ fi ba ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó wọlé, ó ṣáná sí i. Mátanrajẹ na ọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́, ọwọ́ náà ò débẹ̀. Ta ló fẹ́ já kọ́kọ́rọ́ gbà lọ́wọ́ bàbá tó tó bí i lọ́mọ, tí òun fúnra rẹ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ purọ́ fún?

Ló bá sáré bọ́ síwájú ọkọ̀. Bó ṣe ń rìn níwájú rẹ̀ nìyẹn láàárín títì, tó ń ju apá méjèèjì bí ẹni ń lé ẹyẹ oko. Ó lé alùpùpù, ó lé ẹlẹ́rù, ó fi igbe lé àwọn ọmọdé sẹ́yìn gọ́tà. Ẹnu ọkọ̀ ń kan ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn, họ́ọ̀nù ń ké mọ́ ọn létí, kò kúrò. Àwọn tó mọ̀ ọ́n dúró, wọ́n ń wò ó. “Ọ̀gá mẹkáníìkì rèé! Ìgbà wo ló ya wèrè?” Òógùn àti ekuru bò ó lójú títí tí wọ́n fi dé géètì Bàbá.

Màmá ti wà níta, ó káwọ́ lérí. Bàbá sọ̀ kalẹ̀, ó na ara rẹ̀ ró, ẹ̀rín díẹ̀ sì wà lẹ́nu rẹ̀.

“Ìyá àwọn ọmọ, wò mí. Mo délé, mi ò kọlu ẹnikẹ́ni. Àfi wèrè kan tó ń jó níwájú mi látọ̀nà. Mo fun họ́ọ̀nù mọ́ ọn títí, kò gbọ́. Ṣó ti lọ?”

Mátanrajẹ dúró níbi tí ọwọ́ Bàbá lè tó o. Màmá wò ó.

“Èmi ni, Bàbá,” ni Mátanrajẹ wí.

Ẹ̀rín náà kúrò díẹ̀díẹ̀. Bàbá kọ ojú síbi tí ohùn ti wá. “Aṣọ wo lo wọ̀?”

“Aṣọ iṣẹ́ mi ni, sà. Ó pupa.”

“Ó pupa, mi ò sì rí i,” ni Bàbá wí. Ó tún un wí, lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó ń bá sọ̀rọ̀. Ó wá gbé kọ́kọ́rọ́ sórí òrùlé ọkọ̀, kọ́kọ́rọ́ yọ̀, ó já bọ́ sílẹ̀, Bàbá ò bẹ̀rẹ̀ wá a. Màmá fẹ́ dì í lápá mú, ó gbọn ọwọ́ rẹ̀ dànù. Ògiri ló fọwọ́ tọ́ wọlé.

Bàbá ò wakọ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà. Àwọn ọmọ rẹ̀ wá dúpẹ́ lọ́wọ́ Mátanrajẹ, wọ́n ní ó ṣe bẹbẹ. Kò mọ èyí tí wọ́n ń dúpẹ́ fún. Ọkọ̀ tó bá dúró sójú kan, jíjẹrà ló máa ń jẹrà, nítorí náà ó ń lọ síbẹ̀ lóòrèkóòrè láti ṣáná sí i, kí ẹ́ńjìnnì gbóná, kí táyà má bàa pẹlẹbẹ. Bí ọkọ̀ bá ti dún báyìí, Bàbá á ti fèrèsé òkè pa.

Lọ́jọ́ kan, fèrèsé náà ò tètè padé. Mátanrajẹ gbójú sókè kíá. “Bàbá, ẹ kú ìjókòó o! Ọkọ̀ yín dára, sà. Kò sí nǹkan kan tó ń ṣe é.”

Ó gbọ́ ohùn Bàbá nínú yàrá, tó ń bá Màmá sọ̀rọ̀, kedere, bí ẹni fẹ́ kí ará ìsàlẹ̀ gbọ́:

“Ìyá àwọn ọmọ, bá mi wá mẹkáníìkì míì kó wá wò ó, bóyá òótọ́ ni.”