Ìṣẹ́jú Mọ́kànlá

Dókítà ní kí nọ́ọ̀sì gún aláìsàn náà lábẹ́rẹ́ kí aago méjì tó lù. Kọ̀ǹpútà wọ́ọ̀dù kọ ọ́ pé aago méjì kọjá ìṣẹ́jú kan ló gún un. Aláìsàn kú. Nọ́ọ̀sì ní aago méjì ku mẹ́wàá lòun rí lọ́wọ́ òun, ṣùgbọ́n ta ní fẹ́ gbọ́ ti aago ọwọ́?

Àbúrò rẹ̀ obìnrin ló ń tún kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn náà ṣe. Bó ṣe gbọ́ lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbélẹ̀ mọ́. Ó fi aago inú kọ̀ǹpútà wé aago tó péye. Òótọ́ lẹ̀gbọ́n sọ: ẹ̀rọ ti fi ìṣẹ́jú mọ́kànlá sáré síwájú. Pẹ̀lú ayọ̀, ó dá aago padà sí bó ṣe yẹ, ó dín eré aago náà kù láti ìpìlẹ̀ kó má bàa sáré mọ́, ó pa ẹ̀rọ, ó tún un tàn.

Ẹnu ọ̀nà ló dé kó tó rántí. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń kọ́ àwọn èèyàn pé kí wọ́n kọ àṣìṣe aago sílẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Kò kọ nǹkan kan. Ẹ̀rọ ògbólógbòó yẹn náà kì í tọ́jú àkọsílẹ̀ irú ẹ̀. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi nu ẹ̀rí nù.

Lọ́sàn-án, ó lọ bá mátírọ́ọ̀nù.

“Ṣé aago yẹn péye?”

“Ó péye báyìí, mà. Lánàá, kò péye.”

“Ta ló bá ẹ rí i?”

“Èmi nìkan ni.”

“Kí n wá kọ ọ́ síwèé pé àbúrò ní ẹ̀gbọ́n ò jẹ̀bi? Wọ́n á ní kí n pe ìyá yín wá jẹ́rìí náà.”

“Ẹ jẹ́ kí n dá eré rẹ̀ padà, mà. Tó bá fi máa tó oṣù mẹ́ta, á tún ti sáré. Ẹ ó fojú ara yín rí i.”

“Ṣé ẹbí òkú á dúró oṣù mẹ́ta? Ọ̀la ni ìgbìmọ̀ ń jókòó lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n ẹ.”

Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níwájú kọ̀ǹpútà wọ́ọ̀dù, tó ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́.

“Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni mo bà á jẹ́.”

“O tún un ṣe ni. Iṣẹ́ ẹ kọ́ nìyẹn?”

Nọ́ọ̀sì gbé ọwọ́ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú kọ̀ǹpútà. Àwọn méjèèjì jọ wo aago ọwọ́, wọ́n wo ti ẹ̀rọ. Kò fi ìṣẹ́jú àáyá kan yàtọ̀.