Ẹran Ilé Gàfárù, Eérú Ilé Ràmọ́tà

Ní ọdún tí kóòtù ìbílẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ọ̀yọ́, ikọ́ dá Ọládépò gúnlẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Igbá ló ń fín jẹun. Marufat aya rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ lọ, ó ku àwọn ọmọ wọn méjì, Mashood àti Kúbúrátù àbúrò rẹ̀, sí i lọ́wọ́. Ó mọ̀ pé ikọ́ náà kò ní í fi òun sílẹ̀. Ta ni yóò wá gba àwọn ọmọ tọ́? Wọ́n ní ẹni tí baba bá fi ẹnu ara rẹ̀ dárúkọ níwájú ẹbí ni kóòtù yóò mọ̀ ní alágbàtọ́. Bí kò bá dárúkọ ẹnikẹ́ni, ẹbí lè pín wọn bí ẹni pín ẹrù.

Gàfárù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà nítòsí, ni gbogbo ẹbí ń tọ́ka sí. Ṣùgbọ́n Ràmọ́tà àbúrò rẹ̀ wà nílé ọkọ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó ń se ọṣẹ dúdú, òun àti ọkọ rẹ̀ sì ti ní àwọn ṣe tán láti gbà wọ́n. Ọládépò rán àwọn ọmọ lọ gbé ilé méjèèjì wò.

Nígbà tí wọ́n padà, Mashood ò jẹ́ kí baba rẹ̀ béèrè. Ó ní nílé Gàfárù, ẹnikẹ́ni ò rán àwọn níṣẹ́, àwọn ló sì ń kọ́kọ́ mú ẹran, àní ṣáájú àkọ́bí ilé. Ti Ràmọ́tà ńkọ́? Àwọn ò tíì sọ ẹrù kalẹ̀ tán tó fi gbé ajọ̀ lé àwọn lọ́wọ́ pé kí àwọn máa jọ eérú ọṣẹ. Ó bá Kúbúrátù wí nítorí ìkòkò tó jóná, àfi bí ẹni pé òun ló bí i.

Ọládépò rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ ti yanjú, ti Gàfárù ni. Ó mú ọ̀bẹ, ó ń fín igbá, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ò gbà. Ó tún pe ọmọ náà.

"Nílé Ràmọ́tà, ta ló ń kọ́kọ́ mú ẹran?"

"Àkọ́bí wọn ni, Bàbá."

"Ta ló tẹ̀ lé e?"

"Èmi ni. Mo ju àwọn tó kù lọ. Kúbúrátù wá mú tiẹ̀ ṣáájú àbíkẹ́yìn wọn."

Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ọmọ ìyá ṣe jura wọn lọ ni wọ́n ṣe ń mú ẹran. Àlejò nìkan ló ń ṣáájú àkọ́bí.

Nígbà tí ẹbí pé, ó dárúkọ Ràmọ́tà. Bàbá Àjàní, àgbà ẹbí, wò ó tìyanutìyanu.

"Ọládépò, ṣé ọkùnrin ti tán nílé yìí ni, tí o fi fẹ́ kó ọmọ wa lọ sílé àna?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Gàfárù ò rẹ́rìn-ín. "Kí ni mo fi dù wọ́n?"

"Kò sí, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ṣe wọ́n lálejò, ẹ ṣeun. Ilé tí wọ́n ti lè bá wọn wí ni mò ń wá."

Gàfárù tẹjú mọ́lẹ̀. Ó ní ẹ̀rù ló ba òun, kí ayé má baà sọ pé òun ń fìyà jẹ ọmọ aláìníyàá. Ó ní òun fúnra òun ni yóò sìn wọ́n dé Ògbómọ̀ṣọ́. Bàbá Àjàní bá bi gbogbo ilé bóyá wọ́n gbọ́ orúkọ tí Ọládépò pè. Wọ́n ní àwọn gbọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́, Mashood gbọ́ pé ilé Ràmọ́tà ni àwọn ń lọ, ó kọ oúnjẹ. Kúbúrátù gbé e fún un, Mashood tì í sẹ́yìn, ó ń sunkún. Ọládépò ń gbọ́ ọ láti inú yàrá. Ó dùn ún, ṣùgbọ́n kò pè é láti ṣìpẹ̀ fún un.