Ìṣẹ́jú Méjìlélógún Péré

Ìyá Aago ni wọ́n ń pe obìnrin náà níbi iṣẹ́, nítorí kì í pẹ́ dé, kì í sì í fi àkókò ṣeré. Ilé gogoro tí wọ́n ti ń darí bàálù ní pápákọ̀ òfurufú ìlú wọn ló ti ń ṣiṣẹ́. Bí bàálù bá ti gbéra lọ sí ìlú kejì, òun ni yóò pe ilé gogoro tọ̀hún pé ó ń bọ̀. Ọ̀nà ilẹ̀ yí òkè po, wákàtí mẹ́ta gbáko ni. Lójú òfurufú, ìṣẹ́jú méjìlélógún péré ni.

Ẹni tó ń gbé tẹlifóònù lọ́hùn-ún, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo ni. Ẹlẹ́rìn-ín ni wọ́n ń pè é láti kékeré.

Síbẹ̀, ó di ọdún mẹ́fà tí wọn kò sọ ju ọ̀rọ̀ iṣẹ́ lọ. Nígbà tí ìyá wọn ń ṣàìsàn lọ́dọ̀ Ẹlẹ́rìn-ín, kò tètè ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó rò pé ara màmá yóò yá. Kí obìnrin náà tó débẹ̀, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Lẹ́bàá sàréè ló ti sọ ọ́ síta, lójú gbogbo ẹbí: "Ìwọ lo jẹ́ kí màmá mi kú láìrí mi. Ọ̀rọ̀ tèmi tìẹ ti parí."

Láti ìgbà náà: "Ó gbéra laago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá."

"Mo gbọ́, mà."

Ó tán.

Àfi ọjọ́ Mọ́ńdè kan tí Ẹlẹ́rìn-ín kò gbé tẹlifóònù sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá yín sọ."

Ó wu Ìyá Aago láti gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ìgbéraga kò jẹ́. "Ẹnu iṣẹ́ la wà," ló wí, ó sì pa tẹlifóònù. Ó sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé tó bá dọ̀la, òun á gbọ́ ọ.

Lọ́jọ́ kejì, ohùn ẹlòmíràn ló gbé e.

"Ẹni tó máa ń gbé e dà?"

"Ẹ ò tíì gbọ́ ni, mà? Ọ̀gá wa dákú sórí àga lánàá. Wọ́n wà ní ọsibítù."

Bàálù ọ̀sán ló wọ̀. Kò tíì mu omi tí wọ́n fún un dé ìdajì tí wọ́n fi ní àwọn ń balẹ̀. "Ṣé bó ṣe súnmọ́ tó nìyí?" ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ọkùnrin tó jókòó tì í rẹ́rìn-ín. "Mà, ẹni bá sín lọ́hùn-ún, a ó gbọ́ ọ níbí."

Ní ọsibítù, ìyàwó àbúrò rẹ̀ wà lórí bẹ́ǹṣì, ó gbé bàtà ọkọ rẹ̀ lé itan. Ó kúnlẹ̀ kí i.

"Ṣé ó ti jí?"

Obìnrin náà mi orí. "Ó ti lọ láàárọ̀ yìí, ẹ̀gbọ́n mi. Dókítà ti fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ọkàn fún un lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọkọ mi ní ó dìgbà tí òun bá sọ fún yín kí wọ́n tó ṣe é, pé òun ò tún ní fi àìsàn pamọ́ fún yín."

Ìyá Aago jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀. Ó sunkún títí ohùn fi há.

Lálẹ́, kò padà sílé, ó bá ìyàwó àbúrò rẹ̀ lọ sílé wọn. Ó dúró níwájú kọ́bọ́ọ̀dù àbúrò rẹ̀ láti wá aṣọ tí wọ́n máa fi sin ín. Ó yẹ̀ wọ́n wò títí, kò mọ èyí tó yẹ kó mú.

"Ìyàwó mi," ló wí, "èwo ló fẹ́ràn jù?"