Kọ́kọ́rọ́ Inú Bàtà Òsì

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni purọ́ fún yín. Ẹni tó bá dùbúlẹ̀ sábẹ́ lọ́rì kì í ronú nípa ọmọ màlúù. Ológbò mi ni mo ń rò, ta ni yóò máa fún un lóúnjẹ.

Èmi Winifred Catchpole, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, tó fi ọgbọ̀n ọdún se oúnjẹ fún àwọn ọmọ ilé ìwé Marlfleet, èmi ni mo fọwọ́ ara mi mú àgádágodo kẹ̀kẹ́, tí mo fi de ọrùn ara mi mọ́ irin tó so táyà ẹ̀yìn pọ̀.

Ojoojúmọ́ ni lọ́rì ń kó ọmọ màlúù gba ìlú wa lọ sí èbúté, kí ọkọ̀ ojú omi lè kó wọn lọ pa lókè òkun, àwa ará ìlú sì ń dí wọn lọ́nà. Ètò náà rọrùn létí. Odò tó wọ èbúté wa ò jìn, ọkọ̀ ojú omi ò lè jáde àfi tí omi bá kún. Lọ́jọ́ yẹn, tí aago méjìlá bá ti kọjá, omi á fà, ọkọ̀ á jókòó sínú ẹrẹ̀. Òfin ò sì gbà kí ẹran pẹ́ títí nínú lọ́rì. Tí omi bá fà kí wọ́n tó dé èbúté, wọ́n gbọ́dọ̀ dá àwọn ọmọ màlúù náà padà sóko. Àní ká dá wọn dúró fún wákàtí kan péré! Lọ́rì máa ń dúró díẹ̀ ní kọ́nà ilé ìfìwéránṣẹ́, torí ojú ọ̀nà fún níbẹ̀. Èmi á yọ́ wọ abẹ́ rẹ̀, Queenie Mussett ọ̀rẹ́ mi á lọ sọ fún ọlọ́pàá pé èèyàn wà lábẹ́ ọkọ̀. Kọ́kọ́rọ́ wà nínú bàtà òsì mi. Kí ló kù?

Queenie ló kù. Queenie tó ṣèlérí pé òun á sọ̀rọ̀ bí ọmọlúàbí! Kò tíì dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá tó fi ju búrẹ́dì ẹlẹ́yin lu dẹ́rẹ́bà lójú. Láti abẹ́ ọkọ̀, ẹsẹ̀ Queenie nìkan ni mo rí, méjèèjì ń kúrò nílẹ̀ bí ọlọ́pàá ṣe ń gbé e lọ.

"Ẹ fi mí sílẹ̀! Mo ní ọ̀rọ̀ í sọ!"

"Ẹ máa bọ̀ wá sọ ọ́ ní àgọ́, màmá."

Gbàgà! Wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ọkọ̀ ọlọ́pàá lọ.

Ìgbà náà ni ẹ́ńjìnnì bú lókè orí mi.

Mo pariwo. Ohùn tí mo fi ń pa ọ̀ọ́dúnrún ọmọ lẹ́nu mọ́ nílé oúnjẹ ni mo lò. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn tèmi gan-an ń lu ìkòkò, wọ́n ń fọn fèrè, wọ́n ń ké "Ẹ dá wọn padà! Ẹ dá wọn padà!" Ariwo wọn gbé tèmi mì. Táyà yí ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, ó wọ́ mi tẹ̀lé e. Ohun gbígbóná kan dà sí mi nímú. Ọmọ màlúù kan ló ń tọ̀ lókè.

"Ìwọ náà?" ni mo bi í.

Táyà tún yí. Irin fún mi lọ́fun. Mo mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀kẹta ni yóò parí rẹ̀.

Agogo ṣọ́ọ̀ṣì lu mọ́kànlá.

Ẹ gbọ́ o. Lójoojúmọ́, tí agogo bá lu mọ́kànlá, gbogbo wa máa ń dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan nítorí àwọn ẹran tó ti lọ. Àlùfáà wa ló dá a sílẹ̀, mo sì ti bá a jà lórí rẹ̀: "Ẹ̀yin àlùfáà, ta ló ti fi dídákẹ́ dá lọ́rì dúró rí?" Lọ́jọ́ yẹn, ẹnu ọ̀ọ́dúnrún èèyàn tó ń ké pa dé lẹ́ẹ̀kan náà.

"ÈÈYÀN WÀ LÁBẸ́ ỌKỌ̀!" ni mo ké.

Ẹ́ńjìnnì kú. Bàtà dẹ́rẹ́bà balẹ̀, orúnkún rẹ̀ tẹ̀ lé e, ó sì bì. Lẹ́yìn rẹ̀, ojú ọlọ́pàá kan yọ sí mi, Gareth Lufkin, tí kì í jẹ kárọ́ọ̀tì nígbà tó wà lọ́mọdé.

"Ìyá Catchpole! Kọ́kọ́rọ́ dà?"

Mo yọjú wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó ṣì ku nǹkan bíi wákàtí kan kí omi tó fà. Lókè, ọmọ màlúù yẹn ń fi pátákò gbá ilẹ̀ ọkọ̀: kò, kò, kò.

"Ọwọ́ Queenie ló wà."

"Ẹ ò purọ́ fún mi, àbí?"

"Ṣé ìwọ jẹ kárọ́ọ̀tì tó o ní o jẹ?"

Ó mí kanlẹ̀. "Ó dáa. A máa gé e nìyẹn."

"Gé kí ni?"

"Irin náà, màmá. Ẹ kàn má mira."

Ó ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ kí ẹ̀rọ tó dé. Wọ́n fi kúbùsù tútù bò mí lójú. Àwọn tìkára wọn dí etí wọn pa. Ẹ̀rọ náà ké bí iwin, iná ń tà sára ọrùn mi, mo sì gbóòórùn irun tó ń jó. Irun mi ni.

Inú òkùnkùn yẹn ni mo ti mọ̀ pé n kì í ṣe akọni. "Ó wà nínú bàtà mi!" ni mo ké. "Bàtà òsì! Ẹ mú un! Ẹ kó màlúù yín lọ síbi tó bá wù yín!" Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin, tomijé-tomijé. Mo ń fi ẹsẹ̀ òsì gbá ilẹ̀ kí wọ́n lè rí i. Gareth di ẹsẹ̀ náà mú, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí bàtà gan-an, ó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

"Ẹ fara balẹ̀, màmá! Ó ti kù díẹ̀!"

Nígbà tí ẹ̀rọ dákẹ́, tí wọ́n fà mí jáde, fèrè ọkọ̀ ojú omi ń dún. Ẹnì kan kígbe láti etídò: "Omi ti fà! Ọkọ̀ ti jókòó sẹ́rẹ̀!" Ìlú bú sáyọ̀. Lọ́rì fẹ̀yìn rìn padà síbi tó ti wá, imú tútù kan yọ láti ojú ihò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Wọ́n gbé mi sókè. Bàtà òsì yọ, kọ́kọ́rọ́ já bọ́ sójú títì. Gareth nìkan ló rí i. Ó mú un, ó wò ó, ó wò mí, ojú rẹ̀ kún fún omi.

"Pẹ̀lú iná yẹn lọ́rùn yín," ló ní jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, "ẹ ò sọ." Ó fi kọ́kọ́rọ́ sí mi lọ́wọ́, ó pa ìka mi dé lé e. "Èmi ò rí nǹkan kan o."

Mo la ẹnu láti sọ òótọ́ fún un.

"Ẹ̀yin ará!" Àlùfáà ti gun orí àga. "Mo gbọ́ pé lọ́rì mẹ́fà ń bọ̀ lọ́la!"

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Mo pa ẹnu dé, mo rẹ́rìn-ín sí wọn. Eyín mi ń gbá ara wọn. Wọ́n rò pé òtútù ni, wọ́n bá lọ wá tíì gbígbóná fún mi.