Omi Iyọ̀ Nínú Imú Moumouni

Omi iyọ̀ gba ihò imú ọ̀tún Moumouni wọlé, ó gba ti òsì jáde, ikun sì ń fà tẹ̀lé e bí ọbẹ̀ ilá. Kafayatou, ìyàwó rẹ̀, tó gbé ẹ̀kọ òwúrọ̀ dé ẹnu ọ̀nà, kọjú sí ògiri.

Moumouni nu imú, ó jókòó sórí ẹní, ó ká ẹsẹ̀ lé ara wọn, ó wá ń fa èémí tí ikùn rẹ̀ ń wú bíi ti ọ̀pọ̀lọ́. Ìyẹn gan-an tún rí Kafayatou lára.

Láti kékeré ni ikọ́ tí í dí èémí ti ń bá Moumouni aránṣọ jà. Abẹ́rẹ́ ilé ìwòsàn kò ràn án. Hilaire, ará Tokpota tó wà nínú ọmọ ogun Faransé tó jagun dé Éńdóṣínì nílẹ̀ Éṣíà, ló fi fífi omi iyọ̀ fọ imú àti èémí fífà tó ń pè ní yógà hàn án. Ọmọ ogun ará Íńdíà kan ló kọ́ òun náà. Kafayatou ti lọ bá Hilaire jà nílé rẹ̀. Ọkùnrin náà ní kálukú ló ní yógà tirẹ̀. Ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn kò nílò omi iyọ̀, àmọ́ àyà Moumouni nílò rẹ̀. Kafayatou pòṣé, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ó kó ẹní rẹ̀ lọ sí yàrá kejì. Kò jẹ́ kí ọkọ rẹ̀ fọwọ́ kan ìkòkò ọbẹ̀ mọ́. Nígbà tí kò rí ojútùú, ó ránṣẹ́ sí Akambi, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ní Ouando, pé kó wá bá òun lé yógà jáde nílé.

Akambi dé lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Òun àti Kafayatou bá Moumouni tó nà gbalaja, tó ń sùn.

"Ìyàwó, sọ ohun tí ojú rẹ rí lọ́wọ́ rẹ̀," ni Akambi wí, "kí n tó jí i."

Kafayatou wo ọkọ rẹ̀. Láti ìgbà tó ti wọlé ọkùnrin yìí, orí ìjókòó ló ti máa ń rí i tó ń sùn, ẹ̀yìn lára ògiri, tí ó ń mí gúlegúle bí ẹja orí ilẹ̀. Àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò wẹ́rẹ́ báyìí. Lẹ́bàá orí rẹ̀ ni àkísà tó fi nu ikun wà, eṣinṣin bò ó. Kafayatou gbójú kúrò níbẹ̀.

"Ẹ má jí i, bàbá mi."

"Ṣé ìwọ kọ́ lo ránṣẹ́ pè mí ni?"

"Èmi ni. Yógà yìí ń rí mi lára; bóyá kò ní yé rí mi lára. Àmọ́ ó ń sùn."

Akambi jáde lọ jókòó síta. Kafayatou sé èémí, ó fi ìka méjì gbé àkísà náà, ó sì lọ gbé omi kaná láti fi fọ̀ ọ́.