Àwọn Tó Jọ Ń Mu Omi Kan Náà

Nígbà tí kọ́kọ́rọ́ kán sínú ilẹ̀kùn irin iwájú ilé, Ràsákì kò kọ́kọ́ bẹ̀rù. Ó fi ọ̀bẹ ìdáná tọ́ ọ títí, ṣe ni ìdajì kọ́kọ́rọ́ náà ń wọlé sí i. Ó gbá ilẹ̀kùn. Ó pariwo sí títì. Kò sí ẹni tó dá a lóhùn, nítorí ọjọ́ Ojúde Ọba ni, gbogbo àdúgbò ti kó lọ wo ẹlẹ́ṣin. Fàtímọ̀ ìyàwó rẹ̀ ti bá régbérégbé tirẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn tí wọ́n jọ jẹ́ ọjọ́ orí kan náà, lọ láti àárọ̀. Fóònù Ràsákì wà ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń bá a ṣáàjì rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ló fẹ́ lọ tí kọ́kọ́rọ́ fi kán. Ìró ìbọn tí àwọn ẹlẹ́ṣin ń yìn sì ń bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Gbogbo wíńdò ilé náà ló ní irin. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wẹ́dà fi wọ́n sí i, kí olè má baà wọlé. Olè kò wọlé lóòótọ́. Onílé ni kò lè jáde.

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣì wà, tó já sí àgbàlá tí kànga bàbá wọn wà. Ṣùgbọ́n Ràsákì, tí í ṣe káfíńtà, ti fi pákó ìrókò kan ilẹ̀kùn náà pa. Láti ìta ló ti kàn án, kí Síkírù lè máa rí i nígbàkígbà tó bá wá pọnmi. Iṣẹ́ tó dáa ni. Ó fi èjìká gbún un títí èjìká fi ń dùn ún, pákó kò mì.

Ọmọ bàbá rẹ̀ ni Síkírù, ìyá wọn ló yàtọ̀. Ọdún kan náà ni àwọn orogún méjèèjì bí wọn, Síkírù fi oṣù díẹ̀ ṣáájú, régbérégbé kan náà ni wọ́n sì bọ́ sí. Nígbà tí bàbá wọn kú, wọ́n pín ilé náà ní ìdí-igi, ọmọ ìyá kan gba apá ọ̀tún, ọmọ ìyá kejì gba apá òsì. Kànga tó wà láàárín kò ṣeé pín, wọ́n ní kí wọ́n jọ máa pọn ọ́n. Ràsákì ti ní ẹ̀sùn lọ́kàn tẹ́lẹ̀. Òun ni bàbá yọ kúrò ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láti lọ kọ́ṣẹ́; Síkírù ló kàwé tó sì di akọ̀wé ìjọba ní Odogbolu. Egbò ìyẹn kò tíì jinná nígbà tí ewúrẹ́ kan já sínú kànga. Síkírù ṣe ìdérí irin sí i, ó tì í pa, ó fi kọ́kọ́rọ́ kejì rán ọmọ sí Ràsákì. Ràsákì dá a padà. Ó ní kò sí ẹni tó lè fi kọ́kọ́rọ́ kànga bàbá òun ránṣẹ́ sí òun. Ọjọ́ náà ló kan ilẹ̀kùn. Láti ìgbà náà, omi kẹ́ẹ̀gì tí ọlọ́mọlanke ń tà ló ń mu, kò sì bá régbérégbé wọn jáde mọ́, torí pé Síkírù ni wọ́n fi ṣe olórí.

Lónìí, ọlọ́mọlanke náà ti lọ wo ẹlẹ́ṣin. Kẹ́ẹ̀gì ti gbẹ. Iyọ̀ ẹran Iléyá díndín tó jẹ láàárọ̀ ń jó o lọ́fun. Oòrùn ti dé àtàrí, páànù ń dún táṣáá-táṣáá lókè, yàrá gbóná bí inú ààrò. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nídìí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, torí ibẹ̀ ló tutù díẹ̀. Ibẹ̀ ló wà tó fi gbọ́ tí Síkírù, tí orúnkún kò jẹ́ kó lọ sí Ojúde, ṣí kànga, tó ju garawa sí i.

Ràsákì fi ọwọ́ dí etí. Ó ṣì ń gbọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ Mubarakah ọmọ rẹ̀ wá ń bù ú jẹ. Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni Mubarakah ní Ayépé. Nígbà tó wá kí i kẹ́yìn, Ràsákì ń ṣàròyé Síkírù bí ìṣe rẹ̀, ni ọmọ náà bá rẹ́rìn-ín, ó ní rival ni àwọn méjèèjì jẹ́ fún ara wọn. Ràsákì ní òun mọ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu àwọn tó ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù lórí rédíò, ọ̀tá ni. Mubarakah ní kì í ṣe ọ̀tá lásán. Ó ní ọwọ́ àwọn ará Róòmù àtijọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Rivus ni wọ́n ń pe odò kékeré. Àwọn tí oko wọn jọ ń mu omi odò kan náà ni wọ́n kọ́kọ́ fún lórúkọ yẹn. Bí ẹni òkè bá sé odò, oko ẹni ìsàlẹ̀ gbẹ. Ibẹ̀ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ yẹn ti gba ìtumọ̀ tó ní lónìí. Ó ní Yorùbá náà kò jìnnà sí i, àwọn obìnrin tó jọ ń fẹ́ ọkọ kan là ń pè ní orogún. Àwa fi ọkọ ṣe tiwa, àwọn fi omi ṣe tiwọn.

“Ẹni tí ẹ̀yin pẹ̀lú rẹ̀ ò bá jọ mu omi kan náà, Bàbá, kì í ṣe rival yín,” ló wí.

Ràsákì ní kí ó lọ fi ìyẹn kọ́ àwọn ọmọ iléèwé rẹ̀.

Nísinsìnyí, pẹ̀lú ahọ́n tó lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu, ó yí ọ̀rọ̀ náà síwá sẹ́yìn, ohun tó rí nínú rẹ̀ sì bí i nínú. Àgbẹ̀ ìsàlẹ̀ odò tó bá bínú, tó ní òun ò mu mọ́, ta ló ni odò? Ẹni òkè ló ni ín. Kò tilẹ̀ ní láti sé e mọ́. Gbogbo ìgbà tóun ti ń ra omi kẹ́ẹ̀gì, òun rò pé Síkírù lòun ń fìyà jẹ, àṣé òun ń fi kànga ta á lọ́rẹ ni. Tóun bá wá kú sínú yàrá yìí, Síkírù yóò sin òun tán, yóò sì fi omi òun fọ ọwọ́ rẹ̀.

Ìyẹn ni Ràsákì kò lè gbà. Ó húkọ́.

Garawa dúró. Síkírù náà húkọ́ padà. Ràsákì tún hú u. Kò sí ẹni tó fẹ́ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Síkírù wá kọjú sí adìẹ tó ń jẹ̀ létí kànga.

“Ìwọ adìẹ yìí,” ló wí, “ó jọ pé ọ̀fun ẹnì kan ti gbẹ ládùúgbò yìí. Àbí omi tí wọ́n ń rà kò dáa ni?”

“Síkírù.”

“Ta ló ń pè mí?”

Ó mọ̀ ọ́n. Ràsákì mọ̀ pé ó mọ̀ ọ́n. Ó wo páànù, ó gbé itọ́ tí kò sí lẹ́nu mì.

“Èmi àbúrò rẹ ni. Kọ́kọ́rọ́ ti kán mọ́ ilẹ̀kùn iwájú. Fún mi lómi nínú kànga wa.”

Ẹsẹ̀ Síkírù ń wọ́ bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri títí ó fi dé wíńdò. Ife kò gba àárín irin kọjá, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn sì tún wà nínú. Ràsákì fi ọ̀bẹ ya nẹ́ẹ̀tì ara rẹ̀, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sẹ́nu irin, Síkírù sì ń da omi sí i díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń bu omi àlùwàlá fún arúgbó. Ìdajì ń dànù sílẹ̀. Ó mu, ó tún tẹ́wọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Síkírù lọ mú òòlù. Ó ń fa ìṣó, ó ń kérora nítorí orúnkún. Ràsákì ń ké sí i láti inú pé kó má fọ́ pákó, ìrókò ni. Síkírù ní ta ló rán an níṣẹ́ tó fi ìrókò di ẹnu ọ̀nà. Nígbà tó ku ìṣó kan, òòlù dákẹ́.

“Kí ni mo ṣe ọ́ gan-an?”

“Ọmọ lo rán sí mi. Ṣé ìwọ fúnra rẹ ò lè rìn dé ẹnu ọ̀nà mi ni?”

Síkírù tún fi òòlù kọ́ ìṣó náà. “Ojú ló tì mí. Mo ti tì í pa tán kí n tó rántí pé kì í ṣe tèmi nìkan.”

Ìṣó jáde. Ràsákì bọ́ sínú oòrùn, ojú rẹ̀ ń ṣẹ́. Irùngbọ̀n Síkírù ti funfun tán, Ràsákì kò sì mọ ìgbà tó funfun. Kò tíì dárí jì í. Ti ilé-ìwé ṣì wà nílẹ̀, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ omi. Ṣùgbọ́n ó lọ sétí kànga, ó gbá okùn mú, ó ní ẹni tí orúnkún ń dùn kì í pọnmi, ó sì ń fa omi sínú dúrọ́ọ̀mù Síkírù.

“Rọra o,” Síkírù wí, “etí ibẹ̀ ń yọ̀.”

“Ṣé ìwọ lo máa fi kànga bàbá mi hàn mí ni?”